Ẹ wá sọ tiyín: ìgbà tí wọ́n ní élíẹ̀nì gbé ẹnìkan lọ́nà Ìdànrè

Ọ̀gá Fóònù Arákàlẹ̀:

Ẹ kú ilé o. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, ẹni tọ́rọ̀ kàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n máa sọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Káfíńtà la ó máa pè é. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe káfíńtà rárá.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ó gun ọ̀kadà ẹ̀ lọ jíṣẹ́ ní Ìdànrè, ó kúrò ní Àládé, ní Ìdànrè níbẹ̀, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti Àládé sí Àkúrẹ́ kì í tó wákàtí kan kódà béèyàn ò sáré, àmọ́ aago mọ́kànlá ti kọjá kó tó wọlé. Ilẹ̀ mọ́, ó ní òun dúró tọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ni ìmọ́lẹ̀ kan yọ sí òun, róbótó-róbótó, pupa pẹ̀lú búlúù, ó ń yí bíríbírí, ìgbà tóun máa lajú ilẹ̀ lòun bá ara òun, wákàtí mẹ́ta ti lọ, gbogbo ara sì ń ro òun bí ẹni tí wọ́n fọmọ odó gún. Kó tó di ọ̀sán gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé élíẹ̀nì ti gbé e lọ gbé e bọ̀.

Màmá mi ní kí ló ń jẹ́ élíẹ̀nì. Mo ní àwọn ará òkè ọ̀run ni, àwọn tó ń gbé láàárín ìràwọ̀. Wọ́n ní "Ará ọ̀run kẹ̀? Ṣé egúngún ló gbé e ni?" Mo ní rárá mà. Wọ́n ní tí kì í bá ti ṣe egúngún ká lọ wo ìdí ẹ̀ dáadáa. Bí àwa mẹ́ta ṣe sọ ara wa di CID nìyẹn o: èmi tó ń tún fóònù ṣe, Bọ̀dá Wáyà tó ń fa iná sílé, àti Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní físíìsì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá níṣẹ́. A ra ìwé kékeré kan pẹ̀lú bírò méjì. Ká sòótọ́, èmi ò wá ìdí nǹkan kan, mo fẹ́ ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu ni, mo ti gbà lọ́kàn mi pé obìnrin ló wà ní Ìdànrè.

Tíṣà ló mọ ìtàn àwọn tí wọ́n ní wọ́n gbé rí. Ó ní lóṣù kẹsàn-án ọdún 1961, tọkọtaya kan, Betty àti Barney Hill, ń wakọ̀ lóru ní New Hampshire ní Amẹ́ríkà. Barney yẹn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì fi bíi wákàtí méjì pẹ́ dé ilé ju bó ṣe yẹ lọ, aṣọ ìyàwó ya, orí bàtà ọkọ bó, aago ọwọ́ àwọn méjèèjì dákẹ́. Ìyàwó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá. Nígbà tó di 1964, dókítà kan ní Boston tó ń jẹ́ Benjamin Simon fọgbọ́n mú wọn wọ irú oorun kan tí èèyàn ti máa ń dáhùn ọ̀rọ̀, wọ́n wá ní wọ́n gbé àwọn wọ ọkọ̀ òfurufú. Àmọ́ dókítà yẹn fúnra ẹ̀ gbà pé àlá ìyàwó ló ràn mọ́ ọkọ, ó gbọ́ ọ títí ó fi dà bíi pé ojú ẹ̀ ló ṣe. Tíṣà wá fìyẹn ṣòfin fún wa: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí Káfíńtà lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ sí "ṣé orí wọn tóbi?" Ìbéèrè tó sì wà lẹ́nu mi gan-an nìyẹn.

A kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀. A bá ibì kan tí koríko ti jóná róbótó, àfi bí ẹni fokùn wọ̀n ọ́n. Àyà mi já, mo yọ fóònù, mo ń ya fọ́tò. Ìyá kan tó ń bọ̀ láti oko kòkó dúró, ó wò wá títí, ó ní kí la sọ nù. A ní ibi tí iná òfurufú jó là ń wò. Ó ní "Iná òfurufú wo? Àwọn eléèédú ló sun igi níbẹ̀." Ó fẹsẹ̀ wa ilẹ̀, èédú jáde. Mo rọra dá fóònù padà sápò.

Lọ́jọ́ kejì mo gba fóònù Káfíńtà, kò janpata, ó fún mi. Tó o bá ti tan lokéṣọ̀n àti Timeline ti Google sílẹ̀, fóònù máa ń tọ́jú ibi tó o bá rìn dé. Láti aago méje ààbọ̀ títí dé mẹ́wàá kọjá, fóònù ò kúrò lójú kan. Ṣé wọ́n á wá gbé èèyàn lọ kí wọ́n yọ fóònù sílẹ̀ fún un ni? Mo tún rí ìpè kan tó gbé láàárín ẹ̀, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ló pè, sẹ́kọ́ńdì 47. Mo bi ọmọbìnrin yẹn léèrè, ó ní ṣe ló ń mí bí ẹni tó ń hanrun, ohun kan ṣoṣo ló sì ń sọ: "Ẹ gbé omi náà wá. Ẹ gbé omi náà wá." Òun rò pé ó ti mutí yó ni, òun fìbínú pa fóònù.

Alájọgbélé ẹ̀ wá ní òun gbọ́ ọ tó ń fọ ṣòkòtò lóru yẹn, nínú ọyẹ́ tí omi ń gé èèyàn lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kọ OBÌNRIN gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ẹ̀ rí irú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mo jẹ́.

Tíṣà ò bá mi lọ síbẹ̀. Ó ní kí Káfíńtà tún ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn sọ, díẹ̀díẹ̀. A ti yọ àgùàlà kúrò, torí àgùàlà tó máa ń bá oṣù rìn tí wọ́n ń pè é lájá ẹ̀ yẹn, ó lè mọ́lẹ̀ débi tó máa ba èèyàn lẹ́rù, àmọ́ nígbà yẹn ìdájí ló ń yọ, kì í ṣe alẹ́. Káfíńtà ní apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ yẹn wà.

"Nígbà tó o wá yíjú sí i ńkọ́?"

"Ó tún sún sí ọ̀tún. Bí mo ṣe ń yí ló ń sún, mi ò bá a."

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. Ó mú tọ́ọ̀ṣì mi, ó tàn án, ó gbé e kalẹ̀ lápá ọ̀tún mi, ó ní kí n yíjú sí i. Mo yíjú, tọ́ọ̀ṣì wà níwájú mi gan-an. Kò sọ nǹkan kan lójú Káfíńtà o. Ìgbà tá a jáde ló ní ohun tó bá wà níta, téèyàn bá kọjú sí i á bá a níbẹ̀. Èyí tó bá ń bá ojú rìn, inú orí ló wà.

Lọ́jọ́ yẹn náà la jọ lọ jẹ iyán. Káfíńtà tí mo mọ̀, ata ò tó fún un rí. Ó ní kí wọ́n fọ ata kúrò lára ẹran òun. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan jẹun, ó ń gbé òkèlè kéékèèké mì, bí ọbẹ̀ bá kàn án lápá kejì á di ojú pọ̀. Bọ̀dá Wáyà ní kó lanu kí òun wò. Ó rẹ́rìn-ín, kò lanu. Bọ̀dá Wáyà, ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, dákẹ́ títí a fi pínyà. Alẹ́ ló tó pè mí. Ó ní "O rántí àbúrò mi tó ṣubú sínú iná? Bó ṣe máa ń gé ahọ́n ara ẹ̀ jẹ nìyẹn. Wárápá ni."

Ahọ́n, ṣòkòtò tó fọ̀ lóru, èémí inú fóònù, gbogbo ẹ̀ tò fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, ojú sì tì mí.

Bọ̀dá Wáyà nìkan ló lọ bá Káfíńtà, ó ní kí àwa má tẹ̀ lé òun. Wárápá yẹn ti ṣe Káfíńtà rí nígbà tó wà níléèwé, ó lọ, wọ́n rò pé ó ti tán. Mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun ò purọ́, òun rí ìmọ́lẹ̀, òun sì ti wo fídíò àwọn tí élíẹ̀nì gbé rí, òun náà fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní "Bọ̀dá, tí mo bá ní élíẹ̀nì ni, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ní wárápá ni, wọ́n á ya abọ́ mi sọ́tọ̀." Bẹ́ẹ̀ wárápá kì í ràn o, itọ́ ẹ̀ kì í ràn, abọ́ kì í ràn.

Bọ̀dá Wáyà gba ìwé wa lọ́wọ́ mi, ó fi dáná. Ó mú Káfíńtà lọ sí ọsibítù, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí láti fi wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ (ó ní iṣẹ́ òun náà kúkú ni), dókítà ní ìmọ́lẹ̀ róbótó aláwọ̀ lápá kan ojú, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn kan nìyẹn tó bá ti jẹ́ ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tó fi ń ríran, ló ti ń wá. Oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kó má sì gun ọ̀kadà mọ́. Èyí tó dùn ún jù nìyẹn.

Tiyín ńkọ́?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:

Tèmi ò le tó yẹn. Lóde Oǹdó níbí, wọ́n ti múná lọ, gbogbo ilé jókòó síta. Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ rí i, iná kéékèèké lójú sánmà, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bíi rélùwéè, wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́, kò sí ariwo. Mo kà á dé ogún mo ṣìnà. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ pé Jésù ti dé, àwọn ò sì tíì dárí ji orogún àwọn, wọ́n bá ń pariwo orúkọ ẹ̀ níta níbẹ̀ pé àwọn ti dárí jì í o, àwọn ti dárí jì í. Ọmọ mi ló tẹ fóònù, ó ní Mọ́mì, sátẹ́láìtì Starlink ni, àwọn tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá láti òkè, ọgọ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ jù sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù karùn-ún 2019, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jù wọ́n sókè wọ́n á ṣì wà lórí ìlà kan, oòrùn tó ti wọ̀ fún àwa tá a wà nílẹ̀ ló ṣì ń tàn sí wọn lára lókè yẹn. Ìyá àgbà dìde, wọ́n gbọn ìró. Wọ́n ní èyí tí àwọn ti dárí jì yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣeé gbà padà?

Gbogbo-ló-yé-mi:

Ẹ̀yin ìdílé yẹn ò ṣe ya fídíò? Ojoojúmọ́ lẹ ń ya ìrẹsì.

Ará Ìlú-Abo:

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń di CID lóòjọ́, kó wá bi àwa tá a wà ní Ìlú-Abo, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní 28 oṣù kẹta 2020. Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn. Òru mọ́jú Sátidé ni nǹkan bú gbàù, bẹ́ẹ̀dì gbé mi sókè, òrùlé ṣí, ògiri sán, ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé náà fara gbá, kòtò ràgàjì sì yọ lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Gómìnà Akérédolú ní ọkọ̀ tó kó ohun abúgbàù ló bú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti OAU ní Ifẹ̀ ní ó tì, òkúta láti ojú sánmà ló já lulẹ̀. Ah! Ìlú pín sí méjì, bàbá kò bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkúta ìràwọ̀, igba náírà ẹyọ kan, dúdú mínríngíndín. Èmi náà ra méjì. Mo gbé e sójú fèrèsé, oòrùn pa á, ó yọ̀, ó lẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ọ̀dà títì náà sì ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ South Gate:

Ìgbà ìdánwò ni tèmi, mi ò sùn fún ọjọ́ méjì. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo lajú, ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà, gíga gan, mi ò lè gbé ìka, mi ò lè ké. Rúùmùméètì mi wà lórí tábìlì tó ń kàwé, mo ń rí i, kò gbọ́ mi. Pásítọ̀ wa ní wọ́n tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ ni, dókítà ní ọpọlọ ló jí kí ara tó jí, pé kí n máa sùn dáadáa kí n yéé fẹ̀yìn sùn. Mo ṣe tàwọn méjèèjì, mo gbàdúrà mo sì fẹ̀gbẹ́ sùn, mi ò wá mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:

Ọ̀gá Fóònù ẹ dákun, ṣé ìgbéyàwó yẹn wáyé?

Ọ̀gá Fóònù Arákàlẹ̀:

Ó wáyé o. Wọ́n kọ́kọ́ sún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú, oṣù mẹ́rin gbáko kí bàbá ìyàwó tó gbà, ohun tójú wa rí láàárín oṣù mẹ́rin yẹn ò ṣeé kọ síbí.

Ìdí tí Káfíńtà fi ní kí n sọ ọ́ ni pé Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Oògùn ẹ̀ ti tán látọjọ́ méjì, kẹ́míìsì tó dé ò ní in. A ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ó dákẹ́, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní "Ó ti dé lápá ọ̀tún." A gbé bẹ́ǹṣì kúrò, mo yọ áyọ́ọ̀nù sódà tó ń gbóná, mo wo aago. Bàbá kan tó ń kọjá ti ń pariwo ṣíbí, pé ká fi ya ẹnu ẹ̀, Bọ̀dá Wáyà ní "Bàbá, eyín lẹ máa fi ká, ẹ máa lọ." Ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdì 40. Nígbà tó rọlẹ̀ a dà á sí ẹ̀gbẹ́, mo ká ṣẹ́ẹ̀tì mi sí i lábẹ́ orí. Ó hanrun díẹ̀. Ó lajú, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó ní "Ẹ gbé omi náà wá."

Píọ̀ wọ́tà ti wà lọ́wọ́ mi. Mo dì í mú, mo ń dúró kójú ẹ̀ wálẹ̀ ná.