Ṣé zóbò àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè bára wọn gbé?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa oògùn òyìnbó tàbí ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá mi wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lisinopril àti hydrochlorothiazide ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnìkan sọ fún wọn lọ́jà pé zóbò ń mú un wálẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ di tíì àràárọ̀: ìṣápá pupa nínú omi gbígbóná, kò sí ṣúgà. N kò lè pè é ní irọ́, torí ìwádìí ti fi hàn pé ìṣápá lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bí oògùn bá ń fà á wálẹ̀, tí tíì náà tún ń fà á, ṣé kò ní í wálẹ̀ jù? Wọ́n ti ń sọ pé òòyì ń kọ́ àwọn bí wọ́n bá dìde lójijì.

Nítorí pé ó máa ń kan, wọ́n tún ń fi kánún sí i. Àwọ̀ pupa náà a ṣókùnkùn, a fẹ́ di búlúù. Mo mọ̀ pé anthocyanin, èròjà tó ń fún ìṣápá ní àwọ̀ pupa, ló ń yí àwọ̀ padà bí kíkan rẹ̀ bá dínkù, ṣùgbọ́n ṣé agbára rẹ̀ kì í bá a lọ? Kánún sì ní sodium, ohun kan náà tí dókítà tìtorí ẹ̀ ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù!

Ẹ má kàn ní kí n gba ife lọ́wọ́ wọn o. Ẹ mọ àwọn ìyá Èkìtì. Ife mélòó ni kò léwu, kí sì ni kí n bi dókítà wọn?