Orúkọ mi lórí NIN yàtọ̀ sí ti WAEC: ṣé mo lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ìgbà àkọ́kọ́ mi rèé, kò sì sẹ́ni tó ṣe JAMB rí nílé wa. Mo ti fi NIN ránṣẹ́ sí 55019, profile code (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ra fọ́ọ̀mù JAMB) sì ti wọlé. Àmọ́ "Taiwo" ló wà lórí NIN, "Taiye" ló wà lórí WAEC. Ṣé kí n kọ́kọ́ tún NIN ṣe ni, àbí kí n máa lọ tẹ̀ka forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó CBT (ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) bẹ́ẹ̀? Orúkọ orí NIN ni JAMB ń lò, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́. Ẹ̀yin tó ti ṣe irú àtúnṣe yìí, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ló gbà yín? Owó àjọ ni màmá mi fi tọ́jú owó fọ́ọ̀mù, mi ò fẹ́ kó ṣòfò.