"Ìfojúgbọ́rọ̀": èrò mi lórí ọ̀rọ̀ tí à ń wá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe ìwà àwọn oníròyìn kan: bí àwọn olóṣèlú bá ṣe àríyànjiyàn tán lórí tẹlifíṣọ̀n, aṣọ, ẹ̀rín, òógùn ojú àti ìdúró ni wọ́n máa ń ròyìn, wọn kì í mẹ́nu ba ohun tí olóṣèlú náà ní òun fẹ́ ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ní "style over substance". Ẹnìkan nínú wa dábàá "ìrísí lórí kókó". Ẹlòmíràn ní "ṣekárími" ti tó. Àgbà kan sì ní ká má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tuntun, pé "fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá" ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

N kò fara mọ́ "ìrísí lórí kókó" rárá. "Lórí" yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí yóò gbọ́ ni ìrísí tó gun orí kókó bí ẹyẹ ṣe ń bà lórí igi, tàbí kó rò pé ìrísí kan wà tó jẹ mọ́ kókó. Nígbà tí nǹkan kan bá gba ipò lọ́wọ́ òmíràn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi máa ń sọ ọ́: ó borí ẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó gbapò ẹ̀. "Ìrísí bo kókó mọ́lẹ̀" dára, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n odidi gbólóhùn nìyẹn, orúkọ la sì ń wá.

"Ṣekárími" dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń ròyìn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2020, Mike Pence àti Kamala Harris, tí wọ́n ń du ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, jiyàn ní ìlú Salt Lake City. Wọ́n fi gíláàsì dí àárín wọn nítorí àrùn kòrónà, tó ti pa èèyàn tó lé ní 200,000 ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Eṣinṣin kan wá bà lé irun funfun Pence, ó sì lò tó ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, eṣinṣin ti di ìròyìn. Ta ló ṣe ṣekárími níbẹ̀? Pence ò pe eṣinṣin, Harris ò rán an níṣẹ́. Ojú àwọn tó ń ròyìn ló lọ síbẹ̀ tí kò kúrò mọ́. Orúkọ tí a bá fún ìwà yìí gbọ́dọ̀ mú ẹni tó hù ú.

Ní ti ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá, mo júbà àgbà tó mú un wá. Ṣùgbọ́n àìsàn ni méjèèjì, ọ̀kan kàn burú ju èkejì lọ ni. Ẹ lè sọ ọ́ sí òbí, sí ìjọba, sí ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún wa pé ojú ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ etí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro àwọn oníròyìn yìí wà.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìfojúgbọ́rọ̀": fífi ojú gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ó ṣe tò: ìfetísílẹ̀ wà, ìfojúsọ́nà wà, ọ̀nà kan náà ló gbà wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹ̀ ni "fojú gbọ́rọ̀", ẹni tó sì ń ṣe é ni "afojúgbọ́rọ̀". Mo ti kọ́kọ́ ro "ìròyìn awoṣọ", ìyẹn ìròyìn ẹni tó ń wo aṣọ, mo sì jù ú nù. Àmì abẹ́ kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ sí "awọṣọ", ọ̀pọ̀ wa kì í sì í tẹ àmì yẹn lórí fóònù. Ẹni tó wọṣọ yóò wá gba ẹ̀bi ẹni tó ń wò ó.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1960, nígbà tí Kennedy àti Nixon, tí wọ́n ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, jiyàn ní Chicago. Nixon ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwòsàn dé nítorí orúnkún rẹ̀, ó ti rù, aṣọ rẹ̀ tó ní àwọ̀ eérú sì fẹ́ẹ̀ papọ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ dúdú ni Kennedy wọ̀. Èèyàn bíi mílíọ̀nù 70 ló wò wọ́n. Òógùn Nixon ò kúrò lẹ́nu títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń sọ ìtàn náà pé kí ni wọ́n jiyàn lé lórí. Owó oṣù olùkọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ìtọ́jú ìlera àwọn arúgbó wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi kún un pé àwọn tó gbọ́ ọ lórí rédíò ní Nixon ló gbégbá orókè. Ìwádìí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé ìyẹn kà, àwọn onímọ̀ sì ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí náà n ò ní fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn: ṣé bí ojú lọ̀rọ̀ wà? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni òwe yẹn ń bá wí: mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1976, tí Ford àti Carter, tí àwọn náà ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ń jiyàn ní Philadelphia, ẹ̀rọ ohùn bàjẹ́. Fún ìṣẹ́jú 27, àwọn méjèèjì dúró nídìí tábìlì wọn bí ère, wọn ò sì bá ara wọn sọ nǹkan kan. Ojú wọn wà níbẹ̀ rekete. Ọ̀rọ̀ wo lẹ rí níbẹ̀?

Síbẹ̀ mo gbà pé ìṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà míì. Ní Richmond, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1992, obìnrin kan bi àwọn tó ń du ipò ààrẹ bí gbèsè orílẹ̀-èdè ṣe kan ìgbésí ayé tiwọn. Bush, ààrẹ ìgbà yẹn, wo aago ọwọ́ rẹ̀. Clinton rìn lọ bá obìnrin náà, ó ní kó tún sọ bí gbèsè náà ṣe kan ìgbésí ayé obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní wíwo aago sọ nǹkan fún òun nípa Bush kò purọ́. Ohun tó dùn mí ni pé aago di ìtàn, gbèsè di ìgbàgbé. Nítorí náà, nínú ìtumọ̀ tí a ó kọ sílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ "ríròyìn ohun tí ojú rí". Kó jẹ́ "ríròyìn ohun tí ojú rí dípò ohun tí etí gbọ́". "Dípò" yẹn ṣe pàtàkì.

Ó ku "ìbùjẹ ohùn" tí ẹnìkan fi túmọ̀ "sound bite", ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí oníròyìn gé jáde nínú ohun tí ẹnìkan sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn kì í ṣe ẹran. Mo fẹ́ "àjákù ọ̀rọ̀". Kiku Adatto ti Yunifásítì Harvard fi aago wọn ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olùdíje nínú ìròyìn alẹ́: ìṣẹ́jú àáyá 42.3 ni wọ́n ń fún wọn láìdá wọn dúró ní 1968, ó ti di 9.8 ní 1988. Bí wọ́n bá já ọ̀rọ̀ tó báyìí, àjákù náà ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ìfojúgbọ́rọ̀. Nígbà tí Ford sọ ní 1976 kan náà pé Soviet kò jẹ gàba lórí ìlà-oòrùn Yúróòpù, àjákù ni wọ́n mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kókó gidi sì wà nínú àjákù náà.

Ẹ bá mi fi ẹnu yín tọ́ èyí wò: "Ìfojúgbọ́rọ̀ lásán ni ìròyìn wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n sọ àwọ̀ táì rẹ̀, wọn ò sọ ohun tó ní òun fẹ́ ṣe sí owó orí." Bó bá yọ̀ lẹ́nu yín, ó ku bí a ó ṣe máa kọ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. "Fojú gbọ́rọ̀" ni mo fara mọ́, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní pípapọ̀, kó sọ ìdí.