Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: láti Marrakech, gba orí òkè Atlas, dé aṣálẹ̀ Merzouga

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ń múra ìrìn àjò orí ilẹ̀ ní Mòrókò nínú oṣù Kejì. A ó gbéra ní Marrakech, a ó gba Tizi n'Tichka kọjá lórí òkè Atlas, a ó yà ní Aït Benhaddou, ìlú alámọ̀ àtijọ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 1987, kí a tó forí lé Merzouga, níbi tí àwọn òkìtì iyanrìn Erg Chebbi wà. Fez ni a ó parí rẹ̀ sí.

Ọ̀nà orí òkè yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ó ga tó 2,260 mítà, yìnyín a sì máa dí i nígbà òtútù. Bẹ́ẹ̀, èébì máa ń gbé ìyàwó mi bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà léraléra. Ṣé kí a háyà ọkọ̀ kí n wà á fúnra mi ni, àbí kí a wọ bọ́ọ̀sì tí awakọ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà náà dáadáa? Bí wọ́n bá sì ti ọ̀nà pa, ibo ni ó dára kí a sùn dè é?

Ìdílé onítíjániyà ni ìyàwó mi ti wá, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń wù ú láti ṣe àbẹ̀wò sí sàárè Ṣéhù Ahmad al-Tijani, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Tíjániyà nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù sílẹ̀, ní Fez, èyí tí mo fara mọ́ pátápátá. Níwọ̀n bí mọ́tò kì í ti í wọ inú ìlú àtijọ́ Fez, báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti lọ ṣe gbé ẹrù yín dé ibùwọ̀?