Lórí "owó ìgbèríko": ìdáhùn àti àbá tuntun

Ẹ̀yin ará wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kó jọ nípa bí a ṣe ń dá owó onírin àtijọ́ mọ̀, ẹ pe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ Róòmù ní "owó ìgbèríko". Ẹlòmíràn dábàá "owó amúnisìn". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ìgbèríko kẹ̀? Ìlú ńlá abẹ́ Róòmù ni Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì àti Éfésù nígbà náà. "Amúnisìn" tún wá burú jù ú lọ. Ẹ̀pìnnì àti tọ́rọ́ tí àwọn bàbá wa ná, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń kó o wá láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n àwọn ará Éfésù fúnra wọn ló ń tẹ owó tiwọn, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ara wọn sí i. Késárì wà lójú. Átẹ́mísì, òrìṣà wọn, sábà máa ń wà lẹ́yìn, pẹ̀lú ΕΦΕΣΙΩΝ, ìyẹn "ti àwọn ará Éfésù". Orúkọ ìlú yìí gan-an ni ẹni tó fẹ́ dá owó náà mọ̀ ń wá. Nítorí náà, "owó onílùú" ni mo dábàá. "Owó ìlú" ì bá kúrú jù ú lọ, àmọ́ owó ìjọba tí wọ́n ń kó jẹ ni yóò wá sọ́kàn èèyàn.

"Orí" àti "ìrù" fún ìhà méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ojú àti ẹ̀yìn ti tó.

Ti ọdún ló gba àròjinlẹ̀. Lára owó Alẹkisáńdíríà, àmì kan tó dà bíi L máa ń ṣáájú lẹ́tà Gíríìkì tó dúró fún iye: Γ ni 3. Ọdún Késárì lórí oyè ni wọ́n ń kà, ọjọ́ 29 oṣù Ògún ló sì sábà máa ń yí. Késárì Hadrian gorí oyè ní ọjọ́ 11 oṣù Ògún, ọdún 117. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti wọ ọdún kejì. "Ọdún orí oyè" ló bá a mu, kì í ṣe "ọdún ìtẹ̀jáde".

Mo fara mọ́ "òǹtẹ̀" gidigidi fún ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó, torí àárín òǹtẹ̀ méjì ni wọ́n ń fi irin sí kí wọ́n tó fi òòlù lù ú. Ó ku ọ̀kan: òǹtẹ̀ kékeré tí wọ́n máa ń lù lé owó tó ti wà nígboro, bóyá kí wọ́n lè máa ná an nìṣó. Kí ni ká pe ìyẹn?