Ewú iwájú orí mi kò gba dáì, ọ̀la sì ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ mi

Ìyá Dàmọ́lá, Leicester:
Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí kò bá tíì sùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọ̀la ni àwọn ará ilé ọkọ ọmọ mi ń bọ̀ wá mọ̀ wá, aago 2 ọ̀sán. Mo ní kí n fi dáì bo ewú kí wọ́n tó dé. Páálí tí mo rà, light brown ni wọ́n kọ sí i. Ẹ̀yìn orí mi kò yí padà rárá, ó dúdú bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n iwájú àti ẹ̀bátí, níbi tí ewú pọ̀ sí, ti pọ́n bí epo. Àwọn kan tiẹ̀ wà láàárín rẹ̀ tí wọn ò gba nǹkan kan, wọ́n dúró ṣanṣan. Awọ iwájú orí mi sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣé kí n kun dúdú lé e lálẹ́ yìí? Mo ní dáì oníyẹ̀fun tí àbúrò mi gbé wá láti Ìbàdàn, èyí tí a ń fi omi pò. Mo lo irú rẹ̀ fún ọdún 12 nílé.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ìyá ìyàwó, ẹ kú oríire o! Ẹ fọkàn balẹ̀. Ti awọ kò le. Òróró díẹ̀ lórí òwú, ẹ fi ra ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi bleach pa á. Mo fi pa á lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní 2011. Dáì lọ, awọ náà bá a lọ. Àpá rẹ̀ ṣì wà lókè ojú ọ̀tún mi dòní. Nígbà mìíràn, ẹ fi Vaseline yí etí irun yín ká kí ẹ tó fọwọ́ kan dáì.

Bọ̀dá Láyí, Houston:
Páálí yẹn lẹ ṣì mú. Ewú kò ní dúdú tirẹ̀ mọ́, àwọ̀ tí ẹ bá fún un náà ni yóò gbé jáde. Irun tó ṣì dúdú gbé pupa inú dáì mì, ewú kò rí ohun tí yóò fi gbé e mì. Ẹni tí ewú rẹ̀ bá pọ̀, èyí tí wọ́n kọ N sí lẹ́yìn nọ́ńbà, ìyẹn neutral, ni kó mú, 3N tàbí 4N. Nọ́ńbà tó bá kéré ló dúdú jù. Developer rẹ̀, hydrogen peroxide tí a fi ń pò ó, volume 20 ni, ìyẹn ìdá 6 nínú 100. Àwọn tó ń sáré lọ mú 40 nítorí kí ó lè tètè mú, awọ orí ni wọ́n ń jó. Níbi tí ewú wà gan-an ló sì yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ewú lágídí, kò tètè mu. Èmi ti fi irùngbọ̀n mi san owó ẹ̀kọ́ yìí.

Àdùkẹ́, Dublin:
Ẹ kú alẹ́ mà. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi sílẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́?

Ìyá Dàmọ́lá, Leicester:
Páálí ní 30. Mo fọ̀ ọ́ ní bíi 15, torí ó ti ń yún mi.

Àǹtí Bísí, Glasgow:
Ó ń yún ẹ? Ṣé ó ṣì ń yún ẹ di ìsinsìnyí? Dá mi lóhùn kí ẹlòmíì tó sọ̀rọ̀.

Ìyá Dàmọ́lá, Leicester:
Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn etí àti ní ọrùn.

Àǹtí Bísí, Glasgow:
Má kun nǹkan kan mọ́ lálẹ́ yìí. Mo bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Ọlọ́run.

Ní 2016 tí ìyá mi lọ, mo ní mo gbọ́dọ̀ dára níbi òkú ìyá mi. Mo kun dáì ní Ọjọ́rú, mo wọ ọkọ̀ òfurufú ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ohun tí mo ti ń lò láti 20 ọdún ni. Ó yún mi díẹ̀ lẹ́yìn etí, bí o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an. Mo ní yóò lọ. Nígbà tí a fi máa balẹ̀ n'Íkẹjà, ojú ọ̀tún mi kò là mọ́. Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé ìrìnnà mi wo fọ́tò, ó wo èmi, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá bá òun wò ó. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ojú méjèèjì ti dí, iwájú orí mi wú rọ̀bọ̀tọ̀. Omi ń jò lẹ́yìn etí mi, ìrọ̀rí lẹ̀ mọ́ mi lórí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló dì mí lọ́wọ́ mú lọ sídìí sàréè bí ẹni tí kò ríran. Mi ò rí ojú ìyá mi kí wọ́n tó dé pósí. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn, jígí dúdú ló wà lójú mi. Ẹni tí kò mọ̀ rò pé fáàrí ni mo ń ṣe.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Áà, ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run yóò bá wa tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má dá ẹ̀rù ba ìyá ìyàwó. Dáì wo ni kì í ta ni lórí? Láti 1998 ni mo ti ń kùn ún, ó ń ta mí, mo ń fọ̀ ọ́, ó parí. Èyí tí ara rẹ̀ ti mọ̀ fún ọdún 12 ló ní òun fẹ́ lò. Kí ló tún fẹ́ máa dán wò?

Àdùkẹ́, Dublin:
Ẹ má bínú mà, níbẹ̀ yẹn ni gbogbo wa ti ń ṣì í. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti rí ojú tó wú bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní PPD, tó ń mú kí dáì dúdú kó sì pẹ́, ara lè gbà á fún 20 ọdún, kí ó kọ̀ ọ́ ní ọdún kọkànlélógún. Bí ó bá sì ti kọ̀ ọ́, kì í gbàgbé. Ti ẹ̀ẹ̀kejì sábà máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, "mo ti ń lò ó tipẹ́" kì í ṣe ààbò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára páálí pé kí ẹ dán an wò ní wákàtí 48 ṣáájú, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kùn ún, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìkan. Yíyún kì í sì í jẹ́ òpin rẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí ojú tó wú.

Ní Yúróòpù níbí, PPD tó bá máa kan irun kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100. Èyí tó wá nínú àpò láti ilé, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá wọ́n kọ iye kankan síbẹ̀.

Ìbéèrè kan, mà: ṣé ẹ ti ṣe làálì dúdú rí?

Ìyá Dàmọ́lá, Leicester:
Mo ti yí i padà báyìí. Wọn ò kọ iye kankan. Làálì dúdú, bẹ́ẹ̀ ni, níbi nikah ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá. Ó lé roro sí mi lọ́wọ́, ó gbẹ fúnra rẹ̀. Kí ló kàn án?

Àdùkẹ́, Dublin:
PPD ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn kó lè dúdú, ó sì máa ń ju ti inú dáì lọ. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ara yín ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ dákun, ẹ tún orí yín fọ̀ nísinsìnyí, omi tútù díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Bí ètè tàbí ahọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tàbí èémí yín bá ń há, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ó dáa. Ti làálì yẹn yàtọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ ọ́ pé tí gbogbo obìnrin bá ní kí òun dúró fún ọjọ́ méjì kí òun tó kun orí, òde á ti tú.

Àǹtí Bísí, Glasgow:
Kí òde tú. Òde ìyá mi tú mọ́ mi lójú.

Àlàájà, Brampton:
Ẹ má fi orúkọ làálì ṣe é o, ẹ̀yin ọmọ mi. Làálì kì í dúdú. Ewé ni, pupa ló ń pọ́n. Ohun tó bá dúdú ní ìṣẹ́jú 20, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Ojúlówó làálì ni mo fi ń bo ewú mi láti ọdún pípẹ́: mo pò ó ní alẹ́, mo fi sórí fún wákàtí 3, mo ṣàn án. Yóò pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń fi indigo lé e, ẹ̀lú àwọn ará Índíà, fún wákàtí kan. Ìgbà yẹn ló ń dúdú. Ọjọ́ kejì ló sì ń dúdú tán. Ẹ ṣáà wo ara páálí kó má ní ohunkóhun mìíràn nínú. Aró ni ìyá tó bí ìyá mi ń rẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbúnwọ́ títí ó fi lọ. Tí mo bá ṣí ike indigo yẹn nínú òtútù Kánádà níbí, òórùn ilé rẹ̀ ló máa ń gba imú mi.

Bọ̀dá Láyí, Houston:
Wákàtí 4, Àlàájà! Ní Houston, ìyàwó àti ọkọ á ti wọlé, wọ́n á ti ná wọn lówó, a ti jẹun lọ sílé. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ rántí pé àwọn àgbà ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Ìyá ìyàwó tó ní ewú níyì lójú àna.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ìwọ tí irùngbọ̀n rẹ dúdú ju ti ọmọ ogún ọdún lọ nínú fọ́tò ìpàdé yín lo ń pa òwe ewú fún wa? Gèlè ni ìyá ìyàwó máa wé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kì í sì í ṣe gèlè Houston tí ẹ ti rán pọ̀ tí ẹ kàn ń dé bí fìlà. Gèlè London, tí a ń fọwọ́ ká ní ìpele ní ìpele. Dáì nìkan ni kì í pẹ́ lórí wa. Ọ̀sẹ̀ 3, ó ti ṣá.

Àǹtí Bísí, Glasgow:
Ẹ bi omi yín. Omi London le, kẹ́tùlù yín funfun nínú bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun kùn ún. Omi tiwa, láti adágún Loch Katrine ló ti ń wá láti 1859, ó rọ̀ bí omi òjò. Ọṣẹ kékeré, ó ti hó bo ojú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Croydon, ní London, mo rò pé ọṣẹ ni wọ́n yí padà.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Omi yín rọ̀, òtútù yín ńkọ́? Ta ló ń lọ wo omi nínú Oṣù Kìíní? Ní Rye Lane, ọjà wa ní Peckham níbí, mo sọ̀kalẹ̀ nílé báyìí, mo ra ṣọkọ, mo ra ẹja àrọ̀, mo ra dáì, mo padà sílé kí ìrẹsì tó jinná.

Ìyá Dàmọ́lá, Leicester:
Mo ti tún un fọ̀. Ọmọ mi ló bá mi da omi sí i. Yíyún yẹn ti rọ̀, kò tíì tán. Mi ò ní kun dúdú yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n gèlè kò dé ẹ̀bátí, ibẹ̀ ló sì pọ́n jù. Kí ni mo lè fi sí i?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ẹ fa gèlè wálẹ̀ dé orí etí. Èyí tó bá kù, masíkárà dúdú tí ẹ ti ń lò sójú tẹ́lẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fa irun náà lọ sẹ́yìn, kó má kan awọ. Ọ̀la nìkan ni o, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sùn.

Ìyá Dàmọ́lá, Leicester:
Ẹ ṣé gan-an. Ìgbéyàwó gan-an ku oṣù 5. Tí ara mi bá ti kọ PPD, kí ni máa lò nígbà yẹn? Èyí tí wọ́n kọ "kò ní ammonia" sí ńkọ́?

Àdùkẹ́, Dublin:
Èyí tí kò ní ammonia lè ní PPD nínú, mà. Ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn.

Àǹtí Bísí, Glasgow:
Ìyá mi kò kun orí rí láyé rẹ̀. Ní Mọ́kọ́lá, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, yóò jókòó lórí àpótí, yóò gbé orí sí mi láàárín eékún pé kí n bá òun tu ewú. Ewú kan, kọ́bọ̀ kan. Mo máa ń ti ìka bọ eérú kó má bàa yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo máa ń tò wọ́n sórí itan rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí a lè kà wọ́n, oorun á sì ti gbé e lọ kí n tó ka mẹ́wàá.

Àlàájà, Brampton:
Tìtorí owó yẹn ni àwa fi máa ń tu èyí tó dúdú mọ́ ọn.

Bọ̀dá Láyí, Houston:
Ní Òṣogbo, búrẹ́dì ni wọ́n fi ń san tiwa.

Ìyá Dàmọ́lá, Leicester:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Ọkọ mi ń ka nǹkan àdúrà báyìí. Oyin wà, iyọ̀ wà, ataare wà, obì wà. A gbàgbé orógbó!

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ó kún Rye Lane, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣí kí aago 9 tó lù. Báwo ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín?

Bàbá Tọ́lá, Nottingham:
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yìn ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Mo ní orógbó 12 nínú fíríìjì, tútù ni wọ́n, wọn ò tíì rọ. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mo lè dé ẹnu ọ̀nà yín láago 10 òwúrọ̀.