Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìn lóru Àjàṣẹ́, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Àjàṣẹ́ tí mò ń wí ni Porto-Novo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹnì kan má baà ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan ni mo ń wá gbọ́.

Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti Ìbàdàn wá bá wa lọ́dún tó kọjá. Ó kọ́kọ́ lo ọjọ́ méjì ní Kútọnu, ó jó títí bàtà ẹ̀ fẹ́ẹ̀ já. Nígbà tó wọ Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wẹ̀, ó wọ bàtà tuntun, funfun báláú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, níbo là ń lọ lálẹ́ yìí?"

Ojú fẹ́ẹ̀ tì mí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ fúnra wa: ẹni tó bá ń wá ilé ijó tó máa ń dún dàárọ̀, Kútọnu ló ń sáré lọ, kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Àwa la lórúkọ olú-ìlú, àwọn ló lariwo.

Mo ní ká rìn díẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. A dé iwájú mọ́ṣáláṣí ńlá, ó dúró, ó ń wòkè. "Ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyí?" Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa mí. Iṣẹ́ àwọn Àgùdà ni, àwọn tí wọ́n kó bàbá wọn lẹ́rú lọ sí Bìràsíìlì tí wọ́n tún padà wálé. Irú ilé Ọlọ́run tí wọ́n mọ̀ ní Bahia ni wọ́n kọ́, wọ́n wá ń kírun nínú ẹ̀.

Láti ibẹ̀ a já sí àdúgbò Accron, níbi tí ojúbọ Abórí-mẹ́sàn-án wà. Mo sọ fún un pé ìtàn ní ọdẹ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá ló bá abàmì ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án pàdé nídìí ọ̀gán níbẹ̀, pé ibẹ̀ ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn Gùn tó dé tí wọ́n pè é ní Hogbonu. Kò gbà. Lójú tiẹ̀, ilẹ̀ Faransé ló wà. Ó kọjú sí ìyá alákàrà kan, ó ní, "Bọ́ńsúà, màdámù." Ìyá náà wò ó láti orí dé bàtà funfun yẹn: "Ọmọ mi, ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Alẹ́ lẹ́. A jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta ọtí, wọ́n gbé ẹja díndín, àkàsà àti ata wá. Kò tíì tó aago mọ́kànlá tí iná fi lọ. Orin kú. Inú òkùnkùn yẹn la ti gbọ́ agogo, ká tó mọ̀, ìlù ti dé ẹnu ọ̀nà. Sàngbétò ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ó dà bí òkìtì koríko tó ń rìn: ìko láti òkè délẹ̀, ó ń pòòyì, ohùn ẹ̀ ń jáde bíi ti ẹni tó ń ti imú sọ̀rọ̀. Lédè Gùn, zan ni òru, gbẹ̀tọ́ ni èèyàn. Àwọn ló ti ń ṣọ́ ìlú lóru kí ọlọ́pàá tó dáyé. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, síbẹ̀ àyà mi já.

Ọmọ Ìbàdàn yọ fóònù, ó taná sí i. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó mú pàṣán dání kàn fọwọ́ bo fóònù náà ni. Sàngbétò pòòyì, pòòyì, ó dúró síwájú bàtà funfun. Ó sọ̀rọ̀. Mo tú u: "Ó ní kí lò ń wá kiri lóru?" Àbúrò mi, tó ti ń pariwo láti ọ̀sán, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nínú erùpẹ̀ pupa o!

Wọ́n gba 1,000 sẹ́fà, wọ́n ṣàdúrà fún wa, wọ́n lọ. Ó pẹ́ kí ó tó bi mí léèrè ẹni tó wà nínú ẹ̀. Mo ní kò séèyàn níbẹ̀. Ó ní irọ́ ni. Mo ní kó dúró dọjọ́ tí wọ́n bá dojú ẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan, kó fojú ara ẹ̀ wo inú ẹ̀.

Ọmọbìnrin Kétu:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ò tíì ṣàìsùn. Ẹ wá sí Kétu, ní Benin wa níbí, lóru Ẹ̀fẹ̀, eégún olórin tó máa ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá àgbà mi kọ́kọ́ tẹ́ ẹní fún mi létí agbo. Ọ̀gànjọ́ ni Ẹ̀fẹ̀ jáde. Ó júbà àwọn ìyá wa, ara tu gbogbo èèyàn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin baálé ilé kan tó ta ilẹ̀ ẹbí lẹ́ẹ̀mejì. Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ọkùnrin kan tó jókòó nítòsí wa fa fìlà bojú. Ìyá àgbà fìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Má wobẹ̀." Mo wobẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ kejì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó, ní méjì-méjì, ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin. Ọ̀kan gbé ère alùpùpù sórí, òmíràn gbé ejò àti ẹyẹ. Lọ́dún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá aráyé. Kò sẹ́ni tó kọ ẹ̀fọn tó jẹ mí lóru yẹn sínú ìwé ọ̀hún.

Ìyá Ìbejì:
Ìtàn yín dùn, àmọ́ ó hàn pé ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi lọ wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ouadada, ilé àṣà kan ní Àjàṣẹ́ níbí, lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń tún ojúde òrìṣà ṣe ní àwọn àdúgbò àtijọ́. Àwòrán ògiri kan ló dá mi dúró tílẹ̀ fi ṣú. Bí mo ṣe ń padà, ìyá kan ké sí mi lójú fèrèsé: Orò ń bọ̀. Ilé mi jìnnà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹní. Inú mi ò dùn, n ò ní parọ́. Ìlú tí mo ń sanwó orí fún ló ń tì mí mọ́lé. Ṣùgbọ́n bí igbe yẹn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ níta, ìyá náà ń sọ bí àwọn obìnrin ààfin ṣe máa ń mi alounloun, ọ̀pá irin tó ń dún, tí wọ́n bá ń kọrin Adjogan fún ọba. Ó fi ṣíbí lu abọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. A ò fojú kan oorun.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ ò jẹ̀bi. Ní ti bàtà funfun yẹn, àbúrò mi kò fọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ sí Ìbàdàn tòun terùpẹ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀ lóṣù Kìíní, nígbà Bonfim, ọdún àwọn Àgùdà, kóun lè rí Bourian, eégún wọn. Mo ní kó wọ bàtà dúdú.